Okùn Kan Ṣoṣo Tó Di Àyọ̀ká Mú

Ẹ gbé okùn yẹn sílẹ̀ ná. Látúnjí, ìwọ náà, bọ́ igbà yẹn kúrò léjìká ẹ, kò sí ẹmu lórí òrùlé mi. Mo mọ ohun tó gbé gbogbo yín wá. Ẹ ti gbọ́ pé Àyọ̀ká, ọmọ mi, ti fò lọ lẹ̀ mọ́ òrùlé, ẹ wá bá mi fà á wálẹ̀, kí á dè é mọ́ òpó. Ẹ ṣeun o. Ará abà yìí ò burú. Ṣùgbọ́n ẹ jókòó sábẹ́ máńgòrò yìí, kí n sọ ibi tí mo lọ fún yín. Tí mo bá sọ ọ́ tán tẹ́ ẹ bá ṣì fẹ́ dè é, ẹ dè é. Èmi Ọdẹ́jìnmí ò ní dí yín lọ́wọ́.

Ẹ ò ní gbà mí gbọ́, ìyẹn ò sì ká mi lára. Èmi tí ẹfọ̀n sáré bọ̀ wá bá, tí ilẹ̀ ń mì, tí mo kọ́kọ́ fun ikun imú mi dànù ná, tí mo nu ọwọ́, kí n tó wá yìnbọn. Látúnjí ń rẹ́rìn-ín. Máa rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ tí agbọ́n lé ẹ sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀pẹ tí o já lu ilé ìdáná ìyàwó mi, ta ló fi epo pa ẹ́ lára?

Ó dáa. Ẹ rántí ìgbà tí ọyẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ìyá Àyọ̀ká ló kọ́kọ́ rí i. Ó pè mí, ó ní, “Bàbá Àyọ̀ká, ẹ wá wo ọmọ yìí, ó ń fúyẹ́.” Mo ní ṣé kì í jẹun ni. Ó ní ó ń jẹun, ṣùgbọ́n kí n wo ilẹ̀. Mo wo ilẹ̀. Àyọ̀ká ń sáré káàkiri àgbàlá, ó ń lé adìyẹ, èmi tí mo lè tọ ipasẹ̀ eku lórí òkúta, mi ò rí ipasẹ̀ ọmọ mi lórí iyanrìn.

Nígbà tó yá, tó bá sùn, mo lè ti ọwọ́ bọ àárín òun àti ẹní kí ọwọ́ mi má kàn án. Lẹ́yìn ìyẹn, orí mi lè gba abẹ́ ẹ̀ kọjá. Ìyá ẹ̀ so òkúta mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, òkúta náà gbéra pẹ̀lú ẹ̀. Ọmọ ọdún méje, ó ń wo ojú mi látòkè, ó ní, “Bàbá mi, ẹ má bẹ̀rù, kò dùn mí.” Ìgbà tó sọ bẹ́ẹ̀ gan-an ni ẹ̀rù wá bà mí.

Mo gbé ìbọn, mo gba oko ọdẹ lọ, torí ibẹ̀ nìkan ni mo mọ̀ tí mo lè lọ tí orí mi bá dàrú. Mi ò tíì rìn jìnnà tí mo rí ìgalà kan tó dúró sójú ọ̀nà. Mo gbé ìbọn sókè. Ó ní, “Ọdẹ́jìnmí, sọ ọ́ kalẹ̀. Ọmọ ẹ ló ń dùn ẹ́, kì í ṣe ebi.”

Mo ní, “Ta ló sọ fún ẹ?”

Ó ní, “Ọmọ tèmi náà ti lọ, bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe bẹ̀rẹ̀. Okùn ló so gbogbo ohun tó ń mí mọ́ ilẹ̀ ayé. Wọ́n pọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ ẹni bí irun orí. Ti ọmọ ẹ ku ẹyọ kan. Ibi tí okùn náà ti wọlẹ̀ ni wọ́n ń pè ní Ìlú Kíńkíní, Oníwọ̀n ló sì ń jọba níbẹ̀. Tó o bá lè wọn okùn yẹn, tó o sọ bó ṣe lágbára tó fún Oníwọ̀n láìfi kún un, láìyọ nínú ẹ̀, á fún ẹ ní irú ẹ̀ kan sí i. Tó o bá ṣì í sọ, á gé èyí tó kù.”

Mo ní kí ni màá fi wọ̀n ọ́n. Ó ní, “Ọ̀pá ìdẹ ẹ.” Ó sì yíjú, ó lọ. Mi ò yìnbọn fún un. Ẹran tó tó bẹ́ẹ̀, mo sì jẹ́ kó lọ.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kì í dẹ ìdẹ, ọ̀pá tó rọ̀ là ń rì mọ́lẹ̀, a ó tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀, a ó so okùn mọ́ ọn lórí. Bí ẹran bá ṣe lágbára tó ni ọ̀pá ṣe máa tẹ̀ tó. Ọ̀kẹ́rẹ́ ní bó ṣe ń tẹ̀ ẹ́, ọ̀yà ní tiẹ̀. Èmi tí mò ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí, màá dúró lókèèrè, màá wo bí ọ̀pá ṣe tẹ̀, màá sọ ẹran tó wà nídìí ẹ̀, màá sì sọ bóyá ó ti jẹun lọ́jọ́ náà. Torí náà mo rò pé iṣẹ́ ti parí. Mo ní wíwọ̀n lásán? Èmi?

Mo dé igbó kan tó jẹ́ pé ewé tó bá kàn ẹ́ lára, ó di tìẹ nìyẹn. Wọ́n ń pè é ní Igbó Dìmọ́mi. Ẹyẹ ibẹ̀ kì í dá fò, méjì méjì ni wọ́n lẹ̀ pọ̀, ọ̀kan fẹ́ lọ sápá òsì, ọ̀kan fẹ́ lọ sápá ọ̀tún, wọ́n á máa jà lójú ọ̀run. Òjìji mi lẹ̀ mọ́ igi ìrókò, mo ní láti padà lọ ṣí i kúrò bí ẹni ń bó èèpo ẹ̀gẹ́. Ọ̀rọ̀ tí mo bá sọ kì í jáde, á dúró sétè mi, mo wá ń fi èékánná yọ ọ́.

Ibẹ̀ ni ẹbọra kan ti jáde sí mi, ọwọ́ ẹ̀ pọ̀ bí ẹ̀ka igi, gbogbo àtẹ́lẹwọ́ ẹ̀ sì kún fún àtè, irú èyí tí àwa ọdẹ ń fi mú ẹyẹ. Kò fẹ́ pa mí. Ó kàn fẹ́ dì mọ́ mi ni. Ó ní, “Mi ò rí ẹnì kankan dì mọ́ láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Wá, ọdẹ.” Mo wo ìdí igi tó wà lẹ́yìn ẹ̀, mo rí eegun àwọn tó ti dì mọ́, ó jọ pé ó fẹ́ràn wọn dáadáa. Ẹni tí kì í ṣe èmi ì bá ti máa sunkún. Mo bọ́ gbérí ọdẹ mi, mo tẹ́ ẹ sọ́wọ́ ẹ̀, mo ní, “Èmi nìyí.” Ó dì í mọ́ra, ó di ojú, mo sì rọra gba ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ lọ. Gbérí yẹn ṣì wà níbẹ̀ títí dòní. Látúnjí, ẹ̀wù tó dáa jùyẹn lọ, o ò ní í rí.

Ẹ má rẹ́rìn-ín mọ́, torí ibi tó kàn ò ṣeé rẹ́rìn-ín. Ibẹ̀ gan-an ló jẹ́ kí n ní kẹ́ ẹ gbé okùn sílẹ̀.

Ìlú ni. Ìlú Májẹ̀ẹ́lọ ni wọ́n ń pè é. Ìlú tó mọ́, wọ́n gbálẹ̀, wọ́n kun ilé. Ọkùnrin kan kí mi káàbọ̀, ó fún mi lómi, ó ní, “Ọdẹ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wọlé wá kí màmá mi.” Mo wọlé, mi ò rí màmá kankan.

Ó ní, “Ẹ wòkè díẹ̀.”

Màmá náà wà lára ògiri. Wọ́n fi àtè lẹ ẹ̀yìn ẹ̀ mọ́ ọn, wọ́n fi okùn gba àyà ẹ̀, wọ́n fi òmíràn gba orúnkún ẹ̀. Ó ti gbẹ bí ẹja tó ti pẹ́ lórí àgbá. Mo dọ̀bálẹ̀, torí àgbàlagbà ni. Mo bi ọmọ ẹ̀ pé ṣé wọ́n ń jẹun.

Ó ní, “Wọn kì í jẹun mọ́.”

Mo ní ṣé wọ́n ń sọ̀rọ̀.

Ó ní, “Ó ti pẹ́. Ṣùgbọ́n wọn ò lọ ibì kankan.” Inú ẹ̀ dùn bó ṣe ń sọ ọ́. Ó ní, “Àwọn náà ti ń fúyẹ́ nígbà kan, wọ́n fẹ́ lọ. Ẹ wo bí mo ṣe mú wọn. Ẹ fà wọ́n wò. Ẹ fà wọ́n, ẹ má bẹ̀rù.”

Mi ò fẹ́, ó mú ọwọ́ mi, ó fi di ẹsẹ̀ wọn mú. Mo fà. Ògiri ló dá mi lóhùn. Gbogbo ilé ló fà mí padà, ṣùgbọ́n màmá yẹn fúnra ẹ̀, mi ò gbọ́ ọ rárá.

Ọmọ ẹ̀ jáde lọ bu omi sí i fún mi. Màmá náà wá la ẹnu. Ohùn ẹ̀ dà bí ìgbà tí ewé gbígbẹ bá ń rìn nílẹ̀. Ó ní, “Ọdẹ, okùn kan ló kù fún mi lọ́jọ́ tí wọ́n lẹ̀ mí. Kò tóbi, ṣùgbọ́n ó ń fa nǹkan. Látìgbà tí ògiri ti ń ṣe iṣẹ́ ẹ̀, ó jókòó, ó jẹrà. Gbogbo ará ìlú yìí, bẹ́ẹ̀ ni. Bá mi sọ fún ọmọ mi pé kó jẹ́ kí n lọ.”

Mo sọ fún un. Ó wo màmá ẹ̀, ó wo èmi. Ó ní, “Wọn kì í sọ̀rọ̀. Mo ti sọ fún yín. Ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n lọ ni?” Ó gba ife omi lọ́wọ́ mi kí n tó mu ún tán.

Ṣé ẹ ń gbọ́ mi? Látúnjí, o ò rẹ́rìn-ín mọ́.

Mo kúrò níbẹ̀, mo dé ẹnubodè Ìlú Kíńkíní. Ilẹ̀kùn náà ga títí. Mo kàn án, ó jọ pé ó tún ga sí i. Mo kàn án lẹ́ẹ̀kan sí i, ni mo wá rí i pé èmi ni mò ń kéré. Gbogbo ìgbà tí mo bá kan ilẹ̀kùn ni mò ń dín kù, títí èèrà kan fi kọjá lára mi tí mo gbójú sókè wò ó bí ẹni ń wo àjànàkú. Ìgbà tí mo wá kéré débi tí mi ò lè rí ọwọ́ ara mi ni ilẹ̀kùn ṣí.

Oníbodè, ẹni tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, ní kí n dúró. Ó ní, “Kí ló wà tó jẹ́ pé tó o bá fẹ́ mọ bó ṣe lágbára tó, o gbọ́dọ̀ jẹ́ kó já?”

Mo ní, “Ọ̀tá mi ni.”

Ó rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́. Ó ní, “Wọlé. Gbogbo yín lẹ máa ń sọ nǹkan báyẹn nígbà tẹ́ ẹ bá ń wọlé.”

Oníwọ̀n jókòó láàárín pápá kan. Ojú ẹ̀ kan tóbi bí òṣùpá, ìkejì kéré bí ihò abẹ́rẹ́. Èyí tó kéré ló fi wò mí. Gbogbo pápá náà, okùn ló hù níbẹ̀ bíi koríko, orí kálukú wọn yọ síta bí ìkọ́. Ó fi ẹyọ kan hàn mí. Ó ní, “Ti ọmọ ẹ nìyẹn. So ẹ̀gún mọ́ orí ọ̀pá ẹ. Rọ ẹ̀gún náà sílẹ̀ títí á fi kan orí okùn, okùn á dì í mú. Lẹ́yìn náà gbé e sókè, kí o wo bí ọ̀pá ṣe tẹ̀ tó kí okùn tó jù ú sílẹ̀. Ohun tó o bá rí, wá sọ ọ́ fún mi. Ṣùgbọ́n mọ̀ pé gbogbo ìgbà tí okùn bá jù ú sílẹ̀, ọmọ ẹ á gòkè díẹ̀ nílé.”

Mo ní, “Ẹ̀ẹ̀kan péré ni màá ṣe é.” Ẹ gbọ́ mi? Ẹ̀ẹ̀kan péré.

Obìnrin kan wà nítòsí mi, ó kúnlẹ̀, ó gbé ọ̀pá tiẹ̀ dání. Wúràọlá lorúkọ ẹ̀. Okùn ọkọ ẹ̀ ló wá wọ̀n, ó sì ti pẹ́ níbẹ̀ débi pé koríko ti bo ẹsẹ̀ ẹ̀. Ó ní, “Ọdẹ ni yín, àbí? Ẹ kú iṣẹ́ o. Àwọn ọdẹ máa ń pa mí lẹ́rìn-ín.”

Mo ṣe bí mo ṣe mọ̀ ọ́n ṣe. Sùúrù làwa fi ń ṣọdẹ. Mo tẹ ẹ̀gún náà mọ́lẹ̀ dáadáa, mo dùbúlẹ̀ tì í, mi ò mira, mo fún un láyè kó jókòó, títí oòrùn fi kọjá orí mi. Ìgbà tí mo wá gbé e sókè, ọ̀pá mi tẹ̀ títí orí ẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ìdí ẹ̀. Ó fò padà, gbà. Mo dìde, mo pariwo pé okùn Àyọ̀ká, ọmọ mi, ń fà bí àgbò. Mo ní ọmọ Ọdẹ́jìnmí ni, kì í ṣe ọmọ ẹlòmíì. Mo ti ń lọ bá Oníwọ̀n.

Wúràọlá ní, “Bàbá Àyọ̀ká, ẹ dúró ná. Ẹ lọ tẹ ọ̀pá yẹn síbi tí kò sí okùn.”

Mo ní kí nìdí.

Ó ní, “Ẹ ṣáà lọ.”

Mo lọ síbi tí ilẹ̀ ti ṣófo, mo tẹ̀ ẹ́, mo dúró bíi ti àkọ́kọ́, mo gbé e. Àgbò. Kò sí okùn níbẹ̀, kò sí ọmọ ẹnì kankan, ó sì fà bí àgbò. Mo jókòó sílẹ̀.

Wúràọlá ní, “Ilẹ̀ ni. Ilẹ̀ ibí yìí máa ń di gbogbo nǹkan mú, kò mọ ọmọ yín, kò mọ ọkọ mi. Bẹ́ ẹ bá ṣe tẹ̀ ẹ́ tó, tẹ́ ẹ sì ṣe pẹ́ tó, bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe máa dì yín tó. Sùúrù yín yẹn ló fún un lóúnjẹ.”

Ẹ wò ó, ó dùn mí. Ohun kan ṣoṣo tí mo fi ń yangàn láàárín ọdẹ, òun ló ń purọ́ fún mi.

Ìrì kan tún wà níbẹ̀ tí ojú ò lè rí, ó bo ẹ̀gún, ó bo ilẹ̀. Bí ẹ̀gún bá ti ń sún mọ́ ilẹ̀, ìrì òkè àti ti ìsàlẹ̀ á fò so mọ́ra, wọ́n á di ọrùn kan tó ki, ọrùn yẹn á máa fà. Mo gbìyànjú láti nù ún, ó ń padà wá. Lọ́jọ́ kan òjò rọ̀ lórí pápá náà, omi bo gbogbo wa, mo ní gbogbo ẹ̀ ti bàjẹ́. Mo kàn gbé ọ̀pá nínú omi níbi tí kò sí okùn, láti fi tú ìbínú mi ká. Ó fà bí adìyẹ. Kì í ṣe àgbò mọ́. Nígbà tí gbogbo ibi ti di omi, ìrì ò rí ibi tó máa di ọrùn mọ́. Mo wo Wúràọlá, ó mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Mo mọ odi kékeré yí okùn Àyọ̀ká àti ibi tó ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ ká, mo sé omi náà mọ́bẹ̀, mi ò jẹ́ kó gbẹ.

Mo wá kọ́ bí wọ́n ṣe ń fọwọ́ kan nǹkan bí ẹni pé wọn ò fọwọ́ kàn án. Kí ẹ̀gún kàn, kó kúrò. Ó pẹ́ kó tó mọ́ mi lọ́wọ́, torí ọwọ́ ọdẹ ò mọ ìyẹn. Níbi tó ṣófo, ó fà bí alángbá.

Mo ní awọ ọ̀bọ edun kan nínú àpò mi. Ẹ mọ irun edun, ó gùn, ó rọ̀. Mo fà á tu níkọ̀ọ̀kan, mo gbìn ín sára ẹ̀gún, mo gbìn ín sórí ilẹ̀, kó súnmọ́ra dáadáa. Nínú omi, irun yẹn ò dúró sójú kan, ó ń fì, ó ń jó, nǹkan tó bá fẹ́ wá bà lé e, kò ní rí ibi jókòó. Ilẹ̀ ò rójú kan ẹ̀gún mọ́, ẹ̀gún ò rójú kan ilẹ̀. Ó fà bí ìrẹ̀ tó ń tiraka nínú koríko.

Ṣùgbọ́n ó ṣì ń fà, ibi tí kò sí okùn sì ni. Mo ti ṣe gbogbo ohun tí mo mọ̀. Mo fi orí lé orúnkún. Tí okùn Àyọ̀ká bá fa nǹkan kan, báwo ni màá ṣe mọ èyí tó jẹ́ tiẹ̀ nínú ti ilẹ̀?

Wúràọlá na ọwọ́ sórí, ó fa ẹyọ irun kan tu. Irun orí ẹ̀ gùn títí dé ìbàdí. Ó ní, “Ẹ so èyí mọ́ ẹnu ẹ̀gún, kó jẹ́ ìdí irun ni okùn máa dì mú, kì í ṣe ẹ̀gún mọ́. Tí ẹ bá gbé e sókè, ilẹ̀ á kọ́kọ́ fà, nísàlẹ̀, nígbà tí irun yìí ṣì dẹ̀. Ẹ má dá a lóhùn. Ẹ máa gbé e lọ. Ìgbà tí irun bá le, tẹ́ ẹ ti jìnnà sí ilẹ̀, ohun tó bá fà nígbà yẹn lọmọ yín.”

Mo ní, “Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ gbogbo èyí, kí ló dé tẹ́ ò tíì lọ bá Oníwọ̀n?”

Ó gbé ọ̀pá tiẹ̀ sókè. Ó tẹ̀ títí, bí àgbò. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní, “Okùn ọkọ mi ti lọ tipẹ́, Bàbá Àyọ̀ká. Ilẹ̀ ni mò ń wọ̀n. Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ó ń fà mí dáadáa.”

Ẹ fún mi lómi.

Ó dáa. Mo lọ sídìí okùn Àyọ̀ká. Mo rọ ẹ̀gún sílẹ̀ nínú omi, láàárín irun edun, ó kàn, mo gbé e kúrò. Ilẹ̀ fà bí ìrẹ̀, ó já. Mi ò dá a lóhùn. Mo ń gbé e lọ. Ọ̀pá dúró gbọnrangandan, kò sí nǹkan kan. Mo ń gbé e. Kò sí nǹkan kan. Mo ní ó ti parí nìyẹn, kò sí okùn kankan níbẹ̀ látilẹ̀wá, gbogbo rẹ̀ ilẹ̀ ni. Ìgbà náà ni irun Wúràọlá le. Orí ọ̀pá mi tẹ̀ báyìí. Báyìí, ẹ wo ọwọ́ mi. Ẹ ò rí i? Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe kéré tó. Tí ẹ̀fọn bá fi ẹsẹ̀ kan ṣoṣo tẹ̀ yín lára, tí ẹ ò tíì mọ̀ pé ó ti bà, ìyẹn ni. Ó fa ìyẹn, ó jù ú sílẹ̀.

Mo mọ̀ pé Àyọ̀ká ti gòkè nílé.

Mo lọ síwájú Oníwọ̀n. Ó ní, “Kí lo rí?” Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ má rò pé ó rọrùn. Àgbò wà lẹ́nu mi. Adìyẹ wà lẹ́nu mi. Bó bá tiẹ̀ jẹ́ ìrẹ̀, ìrẹ̀ ṣì lè fo nǹkan. Bàbá wo ló máa la ẹnu sọ pé ohun tó kù tó so ọmọ òun mọ́ ayé ò ju ìyẹn lọ? Mo ní, “Ẹsẹ̀ ẹ̀fọn kan.”

Oníwọ̀n fi ojú kékeré yẹn wò mí. Ó ní, “Òótọ́ ni. Àgbò làwọn bàbá máa ń sọ fún mi.” Ó fa okùn kan yọ, ó fi lé mi lọ́wọ́. Mi ò mọ̀ pé ó ti fi lé mi lọ́wọ́.

Mo ní, “Kábíyèsí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi lèyí tó nípọn jùyí lọ.”

Ó ní, “Irú ẹ̀ ni àdéhùn wa.”

Mo ní, “Ṣé á tó?”

Ó ní, “Wíwọ̀n niṣẹ́ mi. Mi ò mọ̀ bóyá á tó.” Ó sì ti yíjú sí ẹlòmíì.

Ìgbà tí mò ń jáde, oníbodè tún bi mí ní ìbéèrè àkọ́kọ́ yẹn. Mo fi okùn ọwọ́ mi hàn án. Kò rẹ́rìn-ín lọ́tẹ̀ yìí, ó kàn ṣílẹ̀kùn fún mi, mo sì tún ga bíi ti tẹ́lẹ̀. Mo gbé okùn tuntun náà sábẹ́ ahọ́n mi, mi ò sọ̀rọ̀ títí mo fi délé.

Ẹ̀yin náà mọ ohun tí mo bá nílé. Àyọ̀ká ti dé òkè pátápátá, ẹ̀yìn ẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ páànù. Ìyá ẹ̀ ń fi ṣíbí tó so mọ́ igi bọ́ ọ. Ẹ sì ń kí wa kú oríire. Ẹ ní a dúpẹ́ pé òrùlé wà, òrùlé ti gbà á. Mo gun àga, mo so okùn tuntun mọ́ gìgísẹ̀ ẹ̀, mo so òun àti ti àtijọ́, tí ọwọ́ mi ti mọ̀ báyìí, mọ́ orí ọ̀pá ìdẹ mi, mo rì í mọ́ ilẹ̀ yàrá. Ọ̀pá náà dúró gbọnrangandan. Okùn méjèèjì dẹ̀, wọn ò fa nǹkan kan. Páànù ló ń ṣe iṣẹ́ wọn.

Ní ọ̀sán, páànù yẹn gbóná bí inú ààrò. Ẹ̀yìn Àyọ̀ká ti léròrò. Ojoojúmọ́ ni fífúyẹ́ ẹ̀ ń tì í mọ́ ọn sí i, kò lè mí dáadáa mọ́. Mo ti rí ìlú tí wọ́n ti ń fi èèyàn sára ògiri, mo ti gbọ́ bí ohùn wọn ṣe ń rí. Tí okùn méjì yẹn bá jókòó báyìí, wọ́n á jẹrà. Tẹ́ ẹ bá sì fi okùn tiyín dè é, wọ́n á jẹrà kíákíá ni, ẹ ó sì máa fi ọwọ́ fà á wò, ẹ ó máa sọ pé ó ṣì wà.

Kí lo wí, Látúnjí? Pé ṣé ẹsẹ̀ ẹ̀fọn méjì lè dì í mú?

Mi ò mọ̀. Mo mọ bí wọ́n ṣe lágbára tó, kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n tó mi. Bí òun ṣe fúyẹ́ tó lónìí, ìyẹn ni mi ò mọ̀. Mi ò rò pé á tó. Mi ò ní purọ́ fún ẹ.

Ìyá Àyọ̀ká ń sunkún láti àná. Ṣùgbọ́n òun ló lọ yá òòlù. Ọmọ náà fúnra ẹ̀ ló sọ fún wa, ó ní, “Bàbá mi, ẹ bá mi ṣí páànù yìí. Ó gbóná.”

Ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu mi tán. Èyí tó kù, ojú yín ni yóò sọ ọ́ fún yín. Látúnjí, ìwọ lo mọ igi gùn jù. Gbé àkàbà yẹn, gun òkè, fi ẹ̀yìn òòlù fa àwọn ìṣó páànù yẹn yọ. Rọra. Wọ́n ti dípẹtà. Bẹ̀rẹ̀ láti etí, ibi tí kò ti kàn án. Tó o bá dé orí ẹ̀, má dì í mú. Má fọwọ́ kàn án rárá, o gbọ́? Bó tiẹ̀ na ọwọ́ sí ẹ.

Ẹ̀yin tó kù, ẹ bá mi wọlé. Ẹ rọra tẹlẹ̀. Ìyá Àyọ̀ká, wá dúró síbí, fún mi lọ́wọ́ ẹ. Àyọ̀ká, bàbá ẹ nìyí. Wọ́n ti ń ṣí i.

Oòrùn ti ń tàn wọ yàrá. Ó ku páànù kan.

Ẹ wo ọ̀pá. Ẹ má wo ọmọ. Ẹ wo ọ̀pá.